Bọ́ Bàtà, Ẹgbẹ́ Olórin Ìsàlẹ̀ Ilé Wa

Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Kẹwàá 1993

Wọ́n ti dé. Àwọn ọ̀rẹ́ tí Mobáyọ̀ ọmọ mi ń ròyìn fún mi láti ìgbà ooru gbé ẹrù wọn dé lónìí: ìlù oríṣiríṣi, sípíkà tó ga tó fìríìjì, wáyà tí mi ò mọ orí ẹ̀ yàtọ̀ sí ìdí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo káwọ́ gbera. Mobáyọ̀ fẹ́ yọ́ kọjá lára mi, mo ní, “Bọ́ bàtà.” Àwọn tó kù wo ẹsẹ̀ ẹ̀, ọ̀rọ̀ yé wọn. Kelvin tó ń lu ìlù wọ bàtà ṣójà tí okùn ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orúnkún, gbogbo wa dúró tì í títí ó fi tú u tán.

Mẹ́rin ni wọ́n. Ọmọ mi ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, òun ló ń ta gìtá. Tèmi, ọmọ Abibat tá a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ló ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Danielle ló ń kọrin, tá a bá lè pè é lórin. Ó ń ké bí ẹni tí wọ́n já báàgì gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo bi Mobáyọ̀ pé irú orin wo nìyí. Ó ní orin tó tẹ̀lé pọ́ńkì, orin ariwo àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó, ni, pé àwọn ti ìṣáájú kàn ń bínú, àwọn tiwọn ń bínú, wọ́n tún ń ronú sí i. Mo ní ìbínú kí ni, ìwọ tó o jẹ dòdò mẹ́ta àárọ̀ yìí.

Ìsàlẹ̀ ilé tí wọ́n kó ẹrù sí yẹn tutù jù, òtútù Amẹ́ríkà sì ti ń bọ̀. Mo gbé hítà lọ síbẹ̀, mo gbé omi gálọ́ọ̀nù méjì tì í. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ jẹ́ SS, omi àti ooru ni oògùn ẹ̀ àkọ́kọ́. Mo sọ fún àwọn tó kù pé òùngbẹ máa ń gbẹ olórin.

Àìkú, 17 Oṣù Kẹwàá

A ń múra ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Abibat ní ilé òun ti tòrò láti ìgbà tí Tèmi ti ń gbé gìtá ẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi, kí n máa jẹ̀gbádùn ẹ̀ lọ. Mo ní oṣù tó ń bọ̀ ó di tìẹ. Ó ní láéláé, pé àwọn aládùúgbò òun ní Hillcrest Heights kì í pẹ́ pe ọlọ́pàá. Mo bi í léèrè Tìmílẹ́yìn, àbúrò Tèmi, tí mi ò rí ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ọjọ́ mélòó kan. Ó ní òtútù díẹ̀ ló mú un. Òun náà bi mí léèrè Mobáyọ̀, mo ní a dúpẹ́.

Ọjọ́rú, 27 Oṣù Kẹwàá

Ìrora Mobáyọ̀ tún dé láti àná, ẹsẹ̀ méjèèjì àti ẹ̀yìn. Mo pe ọ́fíìsì pé mi ò ní lè wá. Owó oṣù àwọn tíṣà tí mò ń ṣírò níbẹ̀ á dúró dè mí. Omi gbígbóná, bùláńkẹ́ẹ̀tì, oògùn. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ó ti lè jókòó. Tèmi pè lórí fóònù pé ṣé ìdánrawò wà, mo ní ikọ́ ń da Mobáyọ̀ láàmú.

Mobáyọ̀ gbọ́ mi. Ó ní, “Mummy, kí ló dé tí mi ò lè sọ fún wọn? Ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n.” Mo ní ọ̀rọ̀ inú ilé kì í ṣe ti ìta. Ó kọjú sí ògiri.

Kò mọ ohun tójú mi rí ni. Nígbà tí Fìyìnfólúwa ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kú n'Íbàdàn, ọmọ ọdún mẹ́fà, ìyá ọkọ mi ní àbíkú ni. Àwọn ará àdúgbò ń fa ọmọ wọn sẹ́yìn tí mo bá ń kọjá. Ẹnìkan là á mọ́ mi lójú pé èmi ni mo jẹ ẹ́. Mo búra lọ́jọ́ náà pé ibi tí mo bá tún gbé ọmọ mi dé, ẹnikẹ́ni ò ní mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Ọ̀la ńkọ́, tó bá fẹ́ gbéyàwó? Ìyá wo ni á fọmọ fún un?

Bàbá Mobáyọ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó gbọ́ gbogbo ẹ̀, ó tú táì ọrùn ẹ̀. Ó ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ní kó lọ jẹun.

Àbámẹ́ta, 13 Oṣù Kọkànlá

Kelvin ń lọ. Ó ti gba iṣẹ́ ológun ojú omi, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa kó wọn lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ó wá dágbére fún mi nínú kíṣìnì, ó tẹrí ba bí ọmọ tá a kọ́ nílé. Mi ò mọ̀ pé mo ti fẹ́ràn ọmọ náà tó bẹ́ẹ̀. Mo di ìrẹsì àti adìẹ fún un sínú ike áísìkiriìmù, mo ní kó má dá ike padà.

Ẹgbẹ́ ti lórúkọ. Wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ sójú ìlù ńlá: BỌ́ BÀTÀ. Mobáyọ̀ ló kọ ọ́, kò gbàgbé àmì kankan. Ó ní ọ̀rọ̀ tí mo fi kí wọn káàbọ̀ nìyẹn, gbogbo wọn ló sì mọ̀ ọ́n. Mo ṣe bí ẹni tínú ń bí. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Yorùbá n'Íbàdàn, kò sẹ́ni tó kọ ọ̀rọ̀ mi sára nǹkan rí.

Bílì iná ti dé. Àfi kí wọ́n máa tan àtùpà lu ìlù.

Ọjọ́bọ̀, 25 Oṣù Kọkànlá

Ọjọ́ ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà. Mo se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tì tòlótòló, torí tòlótòló yẹn ò ládùn. Onílù tuntun wá bá wa jẹun, Ògo lorúkọ ẹ̀, ọmọ àwọn ará wa kan ní Bowie. Bàtà ẹ̀ gba gbogbo ẹnu ọ̀nà. Ó jẹun tán, ó sọ̀kalẹ̀ lọ bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìlù bí ẹni tó ń gún iyán tí iṣu ẹ̀ ò jinná, ni àwo ìgbéyàwó mi tó wà lára ògiri kíṣìnì bá já bọ́, ó fọ́ yángá. Ó gòkè wá bẹ̀ mí. Ó dọ̀bálẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, ìdí lókè, orí nílẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú mi.

Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kejìlá

Ìta ni wọ́n ti ṣeré lónìí, ìgbà àkọ́kọ́. Gbọ̀ngàn kan ní Greenbelt. Mo ní mi ò ní wọlé, mo dúró sínú mọ́tò pẹ̀lú fúláàsì tíì àti bùláńkẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ara mi ò balẹ̀, mo wá lọ yọjú lójú ilẹ̀kùn. Danielle ń ké, Ògo ń gún iyán. Ọmọ mi dúró sápá ọ̀tún, ó di ojú, ìka ẹ̀ ń sáré lórí gìtá. Mi ò rí i kó dúró dáadáa báyẹn rí, bí ẹni tí eegun ẹ̀ ò dùn ún rí láyé.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé gbogbo àwọn ọmọ tó wá wò wọ́n ló ti bọ́ bàtà. Wọ́n tò ó sídìí ògiri, wọ́n ń fi ìbọ̀sẹ̀ fò sókè. Mobáyọ̀ ní àwọn ò sọ fún wọn o, wọ́n kàn bèèrè ìtumọ̀ orúkọ ni. Mo sọ fún bàbá ẹ̀, ó ní ẹ ò rí i, tíṣà ti rí kíláàsì.

Àìkú, 12 Oṣù Kejìlá

Wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ojú irin ní Greenbelt lánàá. Bàbá Mobáyọ̀ lọ wò ó bí ẹni tó lọ wo ọmọ tuntun, kò ní máa wakọ̀ dé Washington mọ́.

Danielle ti fi wọ́n sílẹ̀. Ó bá ẹgbẹ́ kan lọ ní Virginia tí wọ́n ní bọ́ọ̀sì tiwọn. Mobáyọ̀ ò fẹnu kan oúnjẹ. Mo ń pẹ̀tù sí i, àmọ́ lọ́kàn mi mo ń sọ pé bóyá ibi tó máa parí sí nìyẹn, kó wá ráyè kàwé, kó máa sinmi, kí ilé yìí dákẹ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ mo gbọ́ ohùn tí mi ò mọ̀ láti ìsàlẹ̀. Ọmọ mi ló ń kọrin. Ohùn ẹ̀ ò dáa, ó ń ya. Mo dúró nídìí àwo tí mò ń fọ̀, mi ò rántí pa omi.

Àìkú, 26 Oṣù Kejìlá

Mo bi í pé kí lorúkọ orin tuntun tó ń kọ. Ó ní “A Dúpẹ́.” Ó mà dùn mọ́ mi o. Mo gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ fún àwọn ìyá pé orin ọpẹ́ ni ọmọ mi ń kọ báyìí, ni ìyàwó alàgbà bá ní kó wá kọ ọ́ lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ọdún tuntun. Mobáyọ̀ wolẹ̀, ó ní kò tíì parí. Tèmi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu.

Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kìíní 1994

Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí irú òtútù yìí ti jà níbí. Páìpù omi ilé kejì bẹ́. Wọ́n ti ọ́fíìsì wa pa. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún Mobáyọ̀ léra wọn bí ọmọ ọwọ́, ó jẹ́ kí n wọ̀ ọ́ fún òun.

Àbámẹ́ta, 29 Oṣù Kìíní

Kásẹ́ẹ̀tì wọn ti jáde. Orin mẹ́rin. Mo wọ gíláàsì ojú mi, mo ka orúkọ wọn: “Ta Ló Jẹ Ẹran,” “Pa Fìríìjì Dé,” “Iná Kì Í Ṣe Ọ̀fẹ́,” “A Dúpẹ́.” Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni gbogbo ẹ̀. Bàbá ẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Rédíò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ti gbé ọ̀kan sáfẹ́fẹ́, Mobáyọ̀ sì ń rìn káàkiri ilé bí olóyè.

Mo mú kásẹ́ẹ̀tì náà lọ sínú mọ́tò láti gbọ́ orin ọpẹ́ mi. Gìtá Tèmi nìkan ló kọ́kọ́ ń dún, jẹ́jẹ́. Tèmi bèèrè: ara ńkọ́? Mobáyọ̀ dáhùn: a dúpẹ́. Ẹsẹ̀ ńkọ́? A dúpẹ́. Ẹ̀yìn ńkọ́? A dúpẹ́. Oorun àná ńkọ́? A dúpẹ́. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń le sí i, títí ó fi di igbe, tí ìlù Ògo fi bò ó mọ́lẹ̀, tó sì tún ń ké a dúpẹ́, a dúpẹ́ lábẹ́ ẹ̀ bí ẹni tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́. Mo pa á. Mo jókòó síbẹ̀ títí èémí mi fi bo gbogbo gíláàsì mọ́tò.

Mo bá a jà. Mo ní ṣé ilé wa lo wá gbé sórin fáyé gbọ́. Ó ní, “Ẹ ní kí n má sọ ọ́, Mummy. Mi ò sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí mò ń kọ, Tèmi àti Ògo gan-an ò mọ̀.” Ohun tó sọ ọ̀hún sì dùn mí, torí òótọ́ ni.

Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Kejì

Mo ra ẹ̀wù òtútù tuntun fún un, irú èyí tí àwọn tó ń gun òkè yìnyín máa ń wọ̀. Mi ò ní kọ iye ẹ̀ síbí, kí Bàbá Mobáyọ̀ má baà rí i. Ó wọ̀ ọ́, ó ní òun jọ mátíràsì. A ti parí ìjà.

Ìṣẹ́gun, 8 Oṣù Kejì

Wọ́n pè wọ́n sí Richmond lọ́jọ́ Ẹtì, kí wọ́n ṣí eré fún ẹgbẹ́ kan tó lórúkọ. Ògo ti yá bọ́ọ̀sì àlòkù àbúrò bàbá ẹ̀. Rédíò ń sọ̀rọ̀ yìnyín. Mo ní Mobáyọ̀ ò ní lọ, ọ̀rọ̀ parí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí káápẹ́ẹ̀tì, kò dìde. Bàbá ẹ̀ ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ò ṣeé so mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, kí n jẹ́ kó lọ, àmọ́ kí n pe Tèmi àti Ògo, kí n sọ ohun tó ń ṣe é fún wọn, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n máa ṣọ́.

Mobáyọ̀ gbórí sókè, ó ń wò mí. Mo rí i pé ohun tó ń fẹ́ gan-an nìyẹn, ju Richmond lọ.

Mo ní kó lọ. Mo ní ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu mi. Kó mu omi dáadáa, kó má bọ́ ẹ̀wù òtútù ẹ̀, kó fi oògùn sínú àpò gìtá. Ó ní, “Ẹ ṣeun, Ma,” ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Ẹtì, 11 Oṣù Kejì

Yìnyín ń rọ̀, kì í ṣe èyí tó funfun, èyí tó ń dì bí gíláàsì ni. Iná ti lọ. Wọ́n ti kúrò kó tó bẹ̀rẹ̀. Fóònù ò dún. Àbẹ́là ni mo fi ń kọ èyí.

Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Kejì

Ọ̀sán ni wọ́n tó dé. Wọn ò tiẹ̀ ṣeré ọ̀hún, wọ́n ti fagi lé e kí wọ́n tó dé ìdajì ọ̀nà. Ọ̀nà dí, hítà bọ́ọ̀sì náà kú, wọ́n sun inú ẹ̀ mọ́jú nílé epo kan. Omi Mobáyọ̀ dì nínú ike. Ó ti bọ́ ẹ̀wù òtútù ẹ̀, ó fi bo gìtá torí kí igi ẹ̀ má là.

Ògo ló pọ̀n ọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Ó ń mí bí ẹni tó sáré dé. Ògo ní láti àná ló ti ń di ẹsẹ̀ mú, táwọn bá bi í pé báwo ni, á ní a dúpẹ́. Wọ́n rò pé ó ń fi orin wọn ṣẹ̀fẹ̀ ni, wọ́n ń bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín tán, wọ́n ní káwọn gbé e lọ sí ọsibítù tó wà nítòsí, ó ní rárá, ilé ni kí wọ́n gbé òun lọ, ìyá òun mọ ohun tó máa ṣe.

Ògo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mi lẹ́yìn ẹ̀, ó fẹ́ bọ́ bàtà. Mo pariwo mọ́ ọn pé ta ló bi í ní bàtà. A gbé e sínú mọ́tò wa, ó di ọsibítù.

Ìṣẹ́gun, 15 Oṣù Kejì

Àìsàn náà ti wọ inú àyà ẹ̀. Dókítà bi mí pé ìgbà wo ni ìrora náà bẹ̀rẹ̀, mo ní ọjọ́ Ẹtì. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ká ní wọ́n tètè gbé e wá, kò parí gbólóhùn náà, mi ò sì ní kó parí ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì wọlé, ó bi Mobáyọ̀ bó ṣe ń ṣe é. Ó yí ojú sọ́dọ̀ mi, ó fi ìka yọ ohun tí wọ́n fi bò ó nímú, ó ní “A dúpẹ́.” Ó fẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín ni. Mo rẹ́rìn-ín fún un. Mo jáde sí kọ́rídọ̀, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Àìkú, 20 Oṣù Kejì

Tèmi wá lónìí. Ó bá mi nídìí ẹ̀rọ omi, kò tíì kí mi tán tó fi ní, “Mummy, ṣé SS ni Mobáyọ̀?”

Mo ní rárá o, òtútù àyà ni. Ọmọ mi wà lẹ́yìn ògiri, wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì sí i lára, mo lanu mo ní òtútù àyà ni.

Omi lé ròrò sójú Tèmi. Ó ní, “Tìmílẹ́yìn náà ni, Ma. Mo mọ bó ṣe máa ń rí. Mo rí i nínú bọ́ọ̀sì, bó ṣe ka ara ẹ̀ kò. Mo fẹ́ bi í. Mummy mi ti ní mi ò gbọdọ̀ sọ nǹkan yìí létí ẹnikẹ́ni láé. Mo wá dákẹ́.”

Mo fi ọwọ́ ti ògiri. Ọdún mẹ́sàn-án lèmi àti Abibat ti jọ ń jókòó lórí àga kan náà, tá a ń bèèrè ọmọ lọ́wọ́ ara wa, tá a ń dá ara wa lóhùn a dúpẹ́. Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ní ń ṣe. Mo fa ọmọ náà mọ́ra. Mo ní kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀, kó má gbé e sọ́rùn láéláé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, SS ni. Yàtọ̀ sí dókítà, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu mi nílẹ̀ yìí nìyẹn.

Ajé, 21 Oṣù Kejì

Abibat dé. Kò kí mi, èmi náà ò kí i. Ó jókòó tì mí, ó yọ fúláàsì ọbẹ̀ nínú báàgì, kò sì ṣí i. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, a ò lè dá a dúró mọ́, bí ẹni tí ebi ti ń pa láti ọjọ́ pípẹ́: oògùn tí wọ́n ń lò, ibi tó máa kọ́kọ́ dùn wọ́n, bí wọ́n ṣe ń purọ́ fún tíṣà. Ó sọ fún mi pé dókítà kan wà ní Washington tó jẹ́ pé iṣẹ́ yìí nìkan ló ń ṣe, pé ọdún mẹ́rin rèé tó ti ń gbé Tìmílẹ́yìn lọ síbẹ̀. Mo ní kí ló dé tí ò sọ fún mi. Ó wò mí, èmi náà wò ó.

Mo wọlé lọ bá Mobáyọ̀. Mo sọ sí i létí pé mo ti sọ fún Tèmi, pé kó sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá wù ú, kó fi kọrin tó bá fẹ́. Ó la ojú díẹ̀. Mo gbà pé ó gbọ́.

Ọjọ́bọ̀, 24 Oṣù Kejì

Mobáyọ̀ ti lọ.

Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Kẹta

Wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde. Ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á tù yín nínú. Ahọ́n mi ti fẹ́ dá wọn lóhùn bó ṣe mọ́ ọn lára, mo bá gé e jẹ. Mo ní SS ló pa á. Mo ní kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wọn wò. Ìyàwó alàgbà bú sẹ́kún, kò sọ ìdí ẹ̀, mi ò sì bi í.

Alàgbà ní kí èmi àti bàbá ẹ̀ má dé ibi sàréè. Mo mọ̀. Òbí kì í sin ọmọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fún Fìyìnfólúwa, mi ò mọ ibi tí wọ́n sin ín sí títí dòní. Òyìnbó tó ń ṣètò ìsìnkú ti to àga méjì síwájú fún wa, Bàbá Mobáyọ̀ ṣàlàyé, ṣàlàyé, kò yé e. Ó ní ta wá ni yóò tẹ̀lé ọmọ náà. Ògo tó wà lórí àtẹ̀gùn ní àwọn ni. Ó ní Bọ́ Bàtà ni, pé Tèmi ti pe Kelvin, òun náà ti pe Danielle.

Bàbá Mobáyọ̀ ò sọ fún mi pé òun sọ ọ́ fún mi tẹ́lẹ̀. Ì bá dáa kó sọ ọ́. Ó kàn ń bọ́ táì tí kò wọ̀, ó ń fọwọ́ wá a lọ́rùn.

Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Kẹta

Yìnyín ti yọ́, òjò ló ń rọ̀. Wọ́n gbé e lọ láàárọ̀. Abibat jókòó tì wá nílé. Nígbà tó ṣe díẹ̀ mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, mo tan hítà, mo jókòó síwájú ìlù tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ mi sí. Gbogbo ìgbà òtútù yìí ni mo fi bẹ Ọlọ́run kí ilé yìí dákẹ́. Ó ti dákẹ́ báyìí, etí mi ń ho. Mo ké pè é bí ìgbà tí oúnjẹ bá jinná. Mo mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Mo kàn fẹ́ pè é ni.

Ọ̀sán ni mo gbọ́ ilẹ̀kùn mọ́tò, mo bá lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ẹni tó ti ṣe Bọ́ Bàtà rí ló wà níwájú mi: Kelvin nínú aṣọ ológun ojú omi, Danielle tó bá ẹgbẹ́ mìíràn lọ, Tèmi, Ògo. Wọn ò jọ pé jọ báyìí rí, onílù méjèèjì ò tiẹ̀ mọ ara wọn títí di òní. Mi ò ní kí wọ́n bọ́ bàtà. Kelvin bẹ̀rẹ̀, ó ń tú okùn bàtà ẹ̀. Àwọn tó kù náà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tò ó sídìí ògiri bí wọ́n ṣe máa ń tò ó, wọ́n wọlé pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tútù.

Tèmi ní àwọn ti fẹnu kò, àwọn ò ní lo orúkọ náà mọ́. Kò sí Bọ́ Bàtà mọ́. Mo ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n jẹun.

Amọ̀ pupa ló bo bàtà wọn. Abibat rí i ṣáájú mi, ó sáré fẹ́ kó wọn síta, torí kò yẹ kí ìyá fojú rí ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ fún ọmọ ẹ̀. Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀. Mo kó bàtà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo gbé wọn lọ sídìí ibi tí a ti ń fọṣọ ní ìsàlẹ̀. Mo ki ìka bọ amọ̀ náà. Ó tutù. Láti oṣù Kẹwàá ni mo ti ń bá òtútù jà lórí ọmọ yìí.

Mo ṣí ẹ̀rọ omi, mo dúró títí ó fi gbóná dáadáa. Omi gbígbóná ni mo fi fọ̀ wọ́n.